Ẹ Ti Gbàgbé Alágbìgbà: DNA àti Ọ̀rọ̀ Ìran Ọba

Ìbéèrè

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti ń kọ̀wé, ọmọ ọdún 29 ni mí. Ọmọ ọba ni ìdílé wa, láti ọ̀dọ̀ Ológun Kútere. Nínú ìpàdé mọ̀lẹ́bí tá a ṣe kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti Amẹ́ríkà dé gbé fóònù rẹ̀ jáde, ó fi èsì DNA tó ṣe hàn wá: ìdá 43 nínú 100 jẹ́ "Benin & Togo", èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù jẹ́ "Nigeria". Ó ní ẹ̀rí ti dé wàyí pé ọmọ Ẹ̀dó pọ́ńbélé ni Aṣípa, baba ńlá ìran ọba Èkó, pé àwa kì í ṣe Àwórì, a kì í ṣe Yorùbá rárá. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fi DNA tú àṣírí àwọn ọba Hungary ayé àtijọ́. Ariwo sọ. Ìyá àgbà wa kan tó ti lé ní ẹni 90 ọdún ṣáà ń sọ pé, "Ẹ ti gbàgbé Alágbìgbà." Àwọn ọkùnrin ní kí ìyá jókòó, pé ogbó ló ń sọ̀rọ̀. Màmá, ṣé lóòótọ́ ni DNA ti parí ọ̀rọ̀ yìí?

Ìdáhùn

Ọmọ mi, o káre tó o béèrè. DNA kò parí ọ̀rọ̀ yìí, kò sì lè parí rẹ̀ lọ́nà tí ẹ̀gbọ́n rẹ gbé e gbà. Nínú gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé yẹn, ìyá àgbà tí wọ́n ní kó jókòó nìkan ló fọwọ́ ba ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Màá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ti fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ, nítorí ìyẹn kò le.

"Benin" tó wà lórí fóònù yẹn kì í ṣe ìlú Ọba Ìbìní. Orílẹ̀-èdè tó múlé gbè wá ni, èyí tí olú ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Porto-Novo, tí àwa ń pè ní Àjàṣẹ́. Dahomey ni orúkọ orílẹ̀-èdè náà títí di 1975, kí ìjọba wọn tó sọ ọ́ di Benin. Ìlú Ìbìní tí Aṣípa inú ìtàn ẹ̀gbọ́n rẹ ti wá, inú Nàìjíríà ló wà. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi orúkọ orílẹ̀-èdè pín ènìyàn, abẹ́ "Nigeria" ni ọmọ Ẹ̀dó máa bọ́ sí. Ìdá 43 tí ẹ̀gbọ́n rẹ gbé sókè bí àsíá, bó bá ń tọ́ka síbì kan rárá, ọ̀nà Àgbádárìgì àti Sẹ̀mẹ̀ ló ń tọ́ka sí. Ó kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ rò pé ó kọjú sí. Sọ fún un kó tún ṣí i, kó tẹ orúkọ yẹn, kó wo àwòrán ilẹ̀ tó máa jáde. Yóò rí i fúnra rẹ̀.

Báwo ni wọ́n tilẹ̀ ṣe ń rí ìdá yẹn? Ènìyàn á tutọ́ sínú ìgò kékeré, á fi ránṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà ti ní DNA ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀, àwọn tó wà láàyè lóde òní, tí wọ́n ti sọ ibi tí àwọn òbí wọn àgbà ti wá. Kọ̀ǹpútà á gé DNA tìrẹ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á máa béèrè lórí ègé kọ̀ọ̀kan pé: nínú àwọn tí mo ní nílẹ̀, ta ni èyí jọ jù? Á wá kó ìdáhùn jọ, á sọ ọ́ di ìdá nínú 100. Ohun tí èsì ẹ̀gbọ́n rẹ sọ kò ju pé àwọn ègé kan lára rẹ̀ jọ ti àwọn kan tó ń gbé Benin àti Togo lónìí. Itọ́ Aṣípa kò sí nínú àwọn ìgò yẹn. Ti Ọba Ìbìní kankan kò sí níbẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá tún kó ènìyàn púpọ̀ sí i jọ, ìdá náà á yí padà láìjẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ tún tutọ́ míì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n rí i pé "ìran" àwọn ti yàtọ̀ sí ti àná.

Ààlà tí wọ́n fi ń pín ènìyàn yẹn ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló fà á ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ó gba àárín ilẹ̀ Yorùbá kọjá. Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwọn Ègùn wà ní Àgbádárìgì, wọ́n wà ní Àjàṣẹ́, ọ̀sà kan náà ni wọ́n ń tukọ̀ lórí rẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tí ọmọ Èkó ti ń fẹ́ ọmọ Ègùn, tí Ègùn ń fẹ́ ọmọ Èkó. Nínú ìlú tí Àwórì, Ẹ̀dó, Ìjẹ̀bú, Ègùn, Tápà, Sàró àti Àgùdà ti fẹ́ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ìran, ohun tó máa yà mí lẹ́nu ni kí èsì ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó mú orúkọ ilẹ̀ kan ṣoṣo jáde.

Jẹ́ ká tilẹ̀ gbà pé ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ya Ẹ̀dó sọ́tọ̀ kúrò lára Yorùbá. Iṣẹ́ ńlá ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í to DNA ọmọ ènìyàn jọ ní 2002, Yorùbá láti Ìbàdàn wà nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú: ènìyàn 90, bàbá, ìyá àti ọmọ láti ilé 30. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ńlá mìíràn tún mú àwọn Ẹ̀sán, tí èdè wọn àti èdè Ẹ̀dó jẹ́ ọmọ ìyá. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé lórí àwòrán gbogbo ayé, ojú kan náà ni wọ́n bọ́ sí. Ní ti ìlà bàbá, ẹ̀ka ńlá kan tí wọ́n ń pè ní E-M2 ló gba gbogbo agbègbè wa kan: Yorùbá ní i, Ẹ̀dó ní i, Ìgbò ní i, Ègùn ní i, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Bantu ní gúúsù Áfíríkà. Ẹni tó bá ní E-M2 lẹ̀rí pé ọmọ Ẹ̀dó lòun, ó dà bí ẹni tó ní awọ dúdú lẹ̀rí pé ọmọ Ìkòròdú lòun.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni ní Yábàá, mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan bọ́ síwájú pátákó, kó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kó wá máa to àwọn tó bí i sókè: ẹni 2, ẹni 4, ẹni 8, ẹni 16. Tó bá fi máa dé 64, àmì tó ń kọ á ti há bí èèrà. Kò sẹ́ni tó dé ìran kẹwàá rí, nítorí ẹni 1,024 ló yẹ kó wà ní ìlà yẹn, pátákó á ti tán. Ìgbà náà ni màá gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀. Màá fa ìlà kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bàbá sí bàbá sí bàbá, ní etí pátákó lápá ọ̀tún. Èyí ni Y, apá DNA tí ọkùnrin nìkan ń gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Màá fa èkejì ní etí òsì, ìyá sí ìyá sí ìyá. Èyí ni DNA tí ìyá nìkan ń fún ọmọ. Lẹ́yìn náà màá gbé dọ́sítà, màá nu gbogbo àárín pátákó kúrò. Ìlà méjì tín-ín-rín ló máa ṣẹ́kù. Kíláàsì á dákẹ́.

Àwọn tó wà láàárín náà ni bàbá àti ìyá wa. Ègé díẹ̀ láti ara ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà nínú wa, wọ́n ti dà pọ̀ mọ́ra. Ọ̀pọ̀ mìíràn kò fi ègé kankan sílẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ baba ńlá wa gan-an. Nígbà tí ìwé ìròyìn bá wá kọ ọ́ gàdàgbà pé "DNA fi ìran ọba hàn", ìlà etí pátákó yẹn, ọ̀kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ̀rún, ni wọ́n sábà ń sọ.

Ìyẹn ló gbé wa dé Hungary. Òótọ́ ni pé ìwádìí wà, ìwádìí rere sì ni. Ọba Béla Kẹta, ti ìran Árpád tó ń jọba Hungary nígbà yẹn, jọba láti 1172 títí di 1196. Ní 1848 ni wọ́n rí ibojì rẹ̀ ní Székesfehérvár, wọ́n bá ìyàwó rẹ̀, Anna ti Antioch, níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ gba DNA lára egungun rẹ̀, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018 àti 2020. Y rẹ̀ bọ́ sórí ẹ̀ka kékeré kan lára R1a, ẹ̀ka ńlá ìlà bàbá mìíràn; ẹ̀ka kékeré náà ni àwọn Bashkir kan nítòsí òkè Ural ní Rọ́ṣíà ṣì ní lónìí. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí ọdún 2,000 sẹ́yìn ni ìlà Béla àti ti àwọn Bashkir yẹn pínyà, àti pé gbòǹgbò ẹ̀ka náà, ní nǹkan bí ọdún 4,500 sẹ́yìn, wà ní agbègbè àríwá Afghanistan.

Ibẹ̀ ni ìwádìí dúró. Àwọn tó kà á ni kò dúró. Àwọn kan ní èdè tó bá ti Tọ́kì tan ni Bashkir ń sọ, nítorí náà Tọ́kì ni Árpád. Àwọn kan gbá Afghanistan mú, wọ́n ní ará Ìránì ni. Bẹ́ẹ̀, ẹbí èdè Finland ni èdè Hungary wà, àwọn tó sì bá a tan jù lọ, Khanty àti Mansi, ọ̀nà Siberia ni wọ́n ń gbé. Kí ni Y mọ̀ nípa gbogbo èyí? Èdè tí Bashkir ń sọ lónìí kì í ṣe dandan kó jẹ́ ohun tí baba ńlá wọn sọ ní ọdún 2,000 sẹ́yìn. Ní ọdún 4,500 sẹ́yìn, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Tọ́kì kò tíì sí lábẹ́ ọ̀run. Ènìyàn lè gba èdè tuntun láàárín ìran méjì. Wo àwọn ọmọ ìyá rẹ tí wọ́n bí sí Houston.

Wo Béla fúnra rẹ̀. Euphrosyne ìyá rẹ̀, ọmọ ọba Kiev ni. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ni wọ́n rán Béla lọ sí Constantinople, sí ààfin Ọba Manuel, ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ Girikì, Alexios, tó sì fẹ́ fi ọmọ tirẹ̀ fún un kó lè jọba lẹ́yìn òun. Ìgbà tí Manuel bí ọmọkùnrin ni ọ̀rọ̀ yẹn yí padà. Ní 1172, Béla padà sílé, ó gorí ìtẹ́ àwọn baba rẹ̀. Ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ ti Kiev wá, tó dàgbà láàárín àwọn Girikì, tó jọba lórí àwọn tó ń sọ èdè Hungary: èwo ni R1a máa sọ pé ó jẹ́? Ìlà kan ṣoṣo ni R1a mọ̀, inú ìlà yẹn kò sì sí èdè, kò sí adé, kò sí ìyá.

Ní Rọ́ṣíà, ìjà irú rẹ̀ ti ń lọ láti 1749, nígbà tí onítàn Gerhard Müller ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Scandinavia ni ìran ọba wọn ti wá, tí ọ̀mọ̀wé Lomonosov sì ta kò ó gidigidi. Ní 2023, wọ́n gbé DNA Dmitry jáde, ọmọ Alexander Nevsky, láti inú ìran ọba yẹn, ẹni tó kú ní 1294. Ẹ̀ka N ni Y rẹ̀. Ẹ̀ka yẹn pọ̀ ní Finland, ó wà ní Sweden, ó wà ní àríwá Rọ́ṣíà pẹ̀lú, ni oníkálukú bá mú ilẹ̀ tó wù ú. Rurik, baba ńlá ìran ọba náà tí wọ́n ń jà lé lórí, 862 ni ìwé ìtàn wọn ní ó dé, ó ju 400 ọdún lọ ṣáájú Dmitry. Ti Genghis Khan, ọba àwọn Mongol, tún burú jù bẹ́ẹ̀: ìwádìí 2003 rí ẹ̀ka kan lára nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 àwọn ọkùnrin agbègbè ńlá kan ní Éṣíà, ó dábàá pé ti Genghis àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni. Gbogbo ayé gbé e kiri. Kò sẹ́ni tó ní egungun Genghis lọ́wọ́. Ní 2018, ìwádìí mìíràn wò ó fínnífínní, ó ní ẹ̀ka náà ti wà ṣáájú Genghis, pé láàárín àwọn Mongol lásán ló ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn ará wa ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ìtàn Kilwa, ìlú àtijọ́ kan ní etíkun Tanzania, ti pẹ́ tó ti ń sọ pé àwọn ọmọ ọba Shiraz ní Pásíà ló tẹ ìlú náà dó. Ní 2023, DNA ènìyàn 80 jáde, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn láti àwọn ìlú etíkun Swahili, àwọn tó kú láàárín 1250 sí 1800. Ó fi hàn pé láti nǹkan bí ọdún 1000 ni àwọn ará Pásíà, tí ọkùnrin pọ̀ jù nínú wọn, ti ń bí ọmọ fún àwọn obìnrin Áfíríkà. Kíá ni àwọn kan gbá a mú pé: ẹ rí i, àjèjì ló kọ́ Kilwa. Wọn kò ka ìyókù: pé lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ohun tó ti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá Áfíríkà wá lé ní ìlàjì, pé èdè wọn kò yí padà di ti Pásíà, ti Bantu ló jẹ́ títí dòní. Àwọn ìyá ló ni ilé, àwọn ìyá ló ni èdè, àwọn tó ka ìwádìí náà nù wọ́n kúrò lójú pátákó.

Wàyí o, Èkó. Ìtàn méjì ló wà lórí Aṣípa, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń pa méjèèjì mọ́. Àwọn ará Ìbìní ní ọmọ ààfin wọn ni, Ọba Ìbìní ló fi jẹ. Àwọn àgbà Èkó púpọ̀ ní ọmọ Àwórì láti Ìṣẹ́rí ni, pé òun ló gbé òkú balógun Ìbìní kan lọ sílé, tí Ọba sì fi oyè dá a lọ́lá. Má ṣe jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bú ìkankan nínú wọn níwájú rẹ.

Gbọ́ ohun tí ìyá àgbà ń sọ. Aṣípa bí Adó. Adó bí Gabaro, ó bí Akínṣemóyìn, àwọn méjèèjì jọba. Ó sì bí ọmọbìnrin kan, Erelú Kútì. Erelú Kútì fẹ́ Alágbìgbà, babaláwo, ará Ìjẹ̀ṣà. Ọmọ tó bí fún un ni Ológun Kútere, tó wá jọba. Láti orí Ológun Kútere, àwọn ọmọ àti àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ló ń jẹ Ọba Èkó: Adélé, Òṣínlókùn, Ìdéwù Òjúlàrí, Olúwọlé, Akíntóyè, Kòsọ́kọ́, Dòsùnmú, títí dé àwọn tí ojú wa tó.

Ṣé o ti rí i? Ìlà Aṣípa gba ọ̀dọ̀ obìnrin kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Obìnrin kì í fún ọmọ ní Y. Bí gbogbo ọmọ ọba tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó bá tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti Ìgá Ìdúngànrán dé Ìdúmọ̀tà, tí wọ́n tutọ́ sínú ẹgbẹ̀rún ìgò, àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ bàbá sí bàbá láti ọ̀dọ̀ Ológun Kútere á mú ìlà Alágbìgbà jáde. Ẹ máa béèrè Aṣípa lọ́wọ́ ìgò, Alágbìgbà ni yóò dáhùn. Bóyá ọmọ Ẹ̀dó ni Aṣípa, bóyá ọmọ Àwórì ni, Y tirẹ̀ kò sí nínú ohun tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò. Ìyá tó lé ní ẹni 90 ọdún mọ èyí láìkàwé rẹ̀, wọ́n ní kó jókòó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fò dìde nísinsìnyí pé "Ìjẹ̀ṣà wá ni àwọn ọba Èkó." Àṣìṣe kan náà ni. Ìdí tí Ológun Kútere fi jọba ni pé ọmọ ilé ni ìyá rẹ̀, Èkó sì mọ̀ pé ọmọ tí obìnrin ilé bí, ọmọ ilé ni. Ìdí nìyí tí oyè Erelú Kútì fi wà títí di òní, tó jẹ́ pé nígbà tí ìtẹ́ bá ṣófo, òun ló ń di ìlú mú. Ìlú tó fi orúkọ obìnrin sọ oyè tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá fẹ́ fi ohun tí obìnrin kò ní wọn ìran rẹ̀.

Rìn lọ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ yín. Ọmọ Tápà ni Òṣòdì tó tẹ ibẹ̀ dó nígbà tí òun àti Kòsọ́kọ́ ti Ẹ̀pẹ́ dé ní 1862. Bá a bá ní egungun rẹ̀, DNA rẹ̀ lè ní "Tápà", kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ìjòyè Èkó ni, ó jagun Èkó, ó dá ẹjọ́ Èkó, ó kú síbẹ̀ ní 1868. DNA kò ní rí ìkankan nínú èyí.

Bó bá jẹ́ agbára Ìbìní lórí Èkó lẹ̀gbọ́n rẹ ń wá ẹ̀rí rẹ̀, itọ́ kọ́ ló nílò. Ní 1603, Andreas Ulsheimer, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì tó bá ọkọ̀ àwọn Dutch rìn, dé Èkó. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú ààlà ńlá ni, àwọn ọmọ ogun ló ń gbé ibẹ̀, ọ̀gágun mẹ́rin ló sì ń ṣàkóso wọn lórúkọ Ọba Ìbìní. Ó fojú rí i, ó fọwọ́ kọ ọ́. Ta ló jọba lórí ta, ta ló ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ta, irú ẹ̀rí báyìí ló ń dáhùn ìyẹn. Ta ló kọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà ńkọ́? Àwọn Ìdéjọ, àwọn onífìlà funfun, ni ẹ máa bi. Lórí oko ata Àrómirẹ́, ọ̀kan nínú wọn, ni ààfin wà, orúkọ rẹ̀, Ìdúngànrán, ṣì ń sọ ọ́ títí dòní. Nígbà tí Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àpápá dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní London, tó sì jàre ní 1921, àṣà àti ẹ̀rí ẹnu ló fi rojọ́. Kò sẹ́ni tó wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Bákan náà ni ti Ifẹ̀ àti Ìbìní. Yorùbá ní Ọ̀rànmíyàn ọmọ Odùduwà ló lọ sí Ìbìní, tó bí Ẹ̀wẹká. Ẹ̀dó ní Ekaladerhan ọmọ ọba wọn ló lọ sí Ifẹ̀, tó di Odùduwà. Mo ti rí àwọn tó ń fi nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ DNA sọ òkò ọ̀rọ̀ síra wọn lórí èyí. Ta ló rí egungun Ẹ̀wẹká? Ta ló rí ti Ọ̀rànmíyàn? Ìtàn Yorùbá gan-an ní obìnrin Ẹ̀dó, ọmọ onílẹ̀, ló bí Ẹ̀wẹká, tó sì tọ́ ọ dàgbà nílé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìran náà ti jẹ́ ti ilé méjèèjì.

Ohun kan ló kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ, òun ló sì mú mi kọ ìwé gígùn báyìí. Bí àwọn ẹbí bá ní kí gbogbo yín wá ṣe àyẹ̀wò láti fi mọ "ọmọ ọba gidi", má ṣe bá wọn lọ́wọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n rí egungun Ọba Richard Kẹta ti England ní Leicester ní 2012, lábẹ́ ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí, DNA ti ìyá bá ti àwọn ìbátan rẹ̀ méjì tó wà láàyè mu. Wọ́n wá mú ọkùnrin márùn-ún tí ìwé ìran wọn ní bàbá sí bàbá ni wọ́n fi bá a tan. Y kò sí ẹyọ kan tó bá tirẹ̀ mu. Mẹ́rin nínú wọn bá ara wọn mu, ìkarùn-ún kò bá ti àwọn yẹn gan-an mu. Níbì kan láàárín ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, bàbá tó wà nínú ìwé kì í ṣe ẹni tó bí ọmọ. Èyí ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́lá tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

Ṣé ilé yín nìkan ni irú rẹ̀ kò ní sí? Mo ti rí ìdílé kan lágbègbè Súúlérè tó ṣe é láti fi wá orírun, láìní èrò búburú kankan. Nígbà tí èsì dé, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ tàbí Ifẹ̀ mọ́. Ìyá arúgbó kan ni gbogbo wọn yíjú sí. Wọ́n bi í ní ìbéèrè kan níwájú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, ó bo ojú rẹ̀ mọ́ gèlè, kò dáhùn. Ojú mi ni èyí ṣe. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ẹni tó bá bi mí: bó bá jẹ́ àìsàn ìdílé lẹ fẹ́ mọ̀, bó bá jẹ́ ọmọ Àgùdà tàbí ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil ló ń wá ẹbí rẹ̀, ẹ ṣe é, DNA wúlò níbẹ̀ gidigidi. Má ṣe fi ṣe ìdíwọ̀n oyè.

Bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí mo gbà pé ìfẹ́ ilé ló mú un náwó rẹ̀, kó ka àlàyé tó wà lábẹ́ orúkọ "Benin & Togo" yẹn sókè fún gbogbo yín ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ìwọ ní tìrẹ, má dúró de ìpàdé. Ra nǹkan díẹ̀ dání, lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, kí o bá àwọn ọkùnrin yẹn bẹ̀ ẹ́. Fi fóònù rẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Jẹ́ kó kọ́kọ́ ki Alágbìgbà fún ọ, kí o tó wá bi í ní orúkọ àwọn ìyá tó wà láàárín Erelú Kútì àti òun, ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ilé tí wọ́n ti gbé wọn wá.